Ewú mẹ́ta, orúnkún tó ń dún: ṣé ogbó ti dé ni?

Ìbéèrè: "Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ mà. Ẹni ọdún 32 ni mí, Kubwa ní Abuja ni mò ń gbé, Wuse ni ọ́fíìsì mi wà. Láti ọdún tó kọjá ni mo ti ń rí nǹkan kéékèèké lára mi tí ọkàn mi kò fi balẹ̀. Onídìrí mi fa ewú mẹ́ta yọ níwájú orí mi. Bí mo bá kúnlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, orúnkún mi á dún. Mo kàn sùn lódì lálẹ́ ọjọ́ kan, ọrùn mi kò ṣeé yí fún ọjọ́ mẹ́ta. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ kì í bá mi lójúfò mọ́. Lóde ìyàwó, mo máa ń sá fún sípíkà ni, àga ni mo sì máa ń wá. Síkẹ́ẹ̀tì mi kò wọ̀ mí mọ́. Ó sì máa ń rẹ̀ mí ṣáá. Èyí tó wá dùn mí jù ni pé àwọn kọ́pà tó ń ra omi níwájú ilé wa pè mí ní mọ̀mí. Ṣé ogbó ti dé nìyí, àbí àìsàn ló ń ṣe mí?"

Àbúrò mi, mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo ka ibi "mọ̀mí" yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ̀ pé kò pa ìwọ lẹ́rìn-ín rárá. Ká má fa ọ̀rọ̀ gùn: nínú gbogbo ohun tí o kà sílẹ̀, ewú nìkan ni mo lè sọ pé ọjọ́ orí ló mú un wá, àti díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ oorun. Èyí tó kù, bí o ṣe ń lo ọjọ́ rẹ láti àárọ̀ dalẹ́ ló fà á. Àmọ́ gbólóhùn kan wà tí o sáré sọ kọjá, òun gan-an ló dá mi dúró: ó máa ń rẹ̀ ọ́ ṣáá. A máa dé ibẹ̀.

Ká ti orí bẹ̀rẹ̀. Nídìí fọ́nrán irun kọ̀ọ̀kan ni àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n máa po aró tí irun fi ń dúdú. Tó bá yá, agbára wọn á dín kù, àwọn tó yẹ kó rọ́pò wọn á tán, irun náà á sì máa hù láìní aró. Ìgbà tí ìyẹn máa bẹ̀rẹ̀, ìran ẹni ló ń pinnu rẹ̀ jù. Àwa dókítà máa ń ka ewú sí èyí tó tètè dé bí ó bá yọ kí òyìnbó tó pé ọdún 20, tàbí kí aláwọ̀ dúdú tó pé 30. Ìwọ ti fi ọdún méjì kọjá ibẹ̀. Pe màmá rẹ, bi wọ́n léèrè ìgbà tí tiwọn kọ́kọ́ yọ. Bí àwọn tàbí bàbá rẹ bá ti rí tiwọn ní ọgbọ̀n ọdún ó lé díẹ̀, o ti rí ìdáhùn rẹ. (Bí wọ́n bá tibẹ̀ bi ọ́ ní ìgbà tí o máa mú ọkọ wálé, ìyẹn kò sí lábẹ́ àṣẹ mi.)

Àwọn baba wa ní ewú logbó, irùngbọ̀n làgbà. Síbẹ̀, mo ti rí ẹni ọdún 25 tó ti hewú, mo sì ti rí ẹni 50 tí irun orí rẹ̀ dúdú kirikiri. Ohun tó lè mú ewú tètè dé ju bó ti yẹ lọ ni sìgá mímu, àìtó fítámì B12 lára, àti àìsàn ẹṣẹ́ thyroid tó wà níwájú ọrùn. Bí ewú bá ya bo orí lójijì láàárín oṣù díẹ̀, tí àtẹ́lẹsẹ̀ sì ń jó ọ tàbí tó ń ta ọ́ ṣín-ṣín, wá ká yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ wò. Ewú mẹ́ta kò tó nǹkan tí à ń torí rẹ̀ gbé abẹ́rẹ́.

Fífà tí onídìrí fà á kò ní sọ mẹ́ta di mẹ́fà, ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ kàn ń dẹ́rù bà ọ́ ni. Ibi tó ti fà á ló kàn mí. Dúró níwájú dígí, kí o wo etí irun rẹ lápá iwájú àti lókè etí, níbi tí wọ́n ti máa ń fa irun wẹ́wẹ́ mọ́ átáṣímẹ́ǹtì kí ìdì náà lè pẹ́. Bí o bá rí róró kéékèèké nídìí irun, tàbí tí ibẹ̀ ti ń fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, sọ fún un pé kó dẹwọ́. Irun tó funfun ṣì jẹ́ irun. Èyí tí ìdì líle bá ti pa ìdí rẹ̀, kò sí ìpara kankan tó lè mú un hù mọ́. Mo ń rí èyí lára àwọn ọ̀dọ́bìnrin ju ewú lọ, kò sì sẹ́ni tó ń kọ̀wé béèrè nípa rẹ̀.

Bí o bá sì fẹ́ pa ewú náà láró, ṣọ́ra. Èròjà kan tí wọ́n ń pè ní PPD wà nínú ọ̀pọ̀ aró irun dúdú, òun náà ni wọ́n máa ń pò mọ́ láàlì dúdú tí àwọn ìyàwó ń lé sọ́wọ́ sẹ́sẹ̀ níbí ní Àríwá. Láàlì gidi kì í dúdú kíákíá bẹ́ẹ̀, pípọ́n ló máa ń pọ́n. Àwọn kan wà tí ara wọn kò gba PPD rárá, awọ wọn á lé ròrò, á sì bó. Kán aró náà díẹ̀ sẹ́yìn etí, kí o dúró fún wákàtí 48 kí o tó fi kan orí.

Orúnkún wá ńkọ́? Omi díẹ̀ wà nínú gbogbo oríkèé tó ń jẹ́ kí egungun máa yọ̀ lórí ara wọn, afẹ́fẹ́ sì wà nínú omi náà. Bí o bá na oríkèé tàbí tí o tẹ̀ ẹ́ lójijì, afẹ́fẹ́ yẹn á kóra jọ, ohun tó ń dún nìyẹn. Nígbà mìíràn, iṣan ló ń yẹ̀ gba orí egungun kọjá. Bí ìró náà kò bá mú ìrora dání, tí orúnkún kò wú, tí kì í sì í há nígbà tí o bá ń tẹ̀ ẹ́, èmi kò ní oògùn kankan fún un, nítorí kì í ṣe àìsàn. Ti ọmọ ogún ọdún náà ń dún, kò kàn bìkítà ni.

Itan rẹ ni kí o bìkítà fún. Láti bí ọgbọ̀n ọdún lọ, ẹran ara ẹni tí kì í lo tirẹ̀ á máa dín kù, ní ìwọ̀n bí ìdá 3 sí 8 nínú ọgọ́rùn-ún ní gbogbo ọdún mẹ́wàá. Egungun náà, nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún yẹn ló máa ń le dé ibi tó lè le dé. Lẹ́yìn ìyẹn, ṣíṣọ́ ohun tó wà nílẹ̀ ló kù. Wá wo bí o ṣe ń lo ọjọ́ kan. O jókòó nínú ọkọ̀ láti Kubwa títí dé Berger nínú sún kẹrẹ fà kẹrẹ. O jókòó ní ọ́fíìsì di aago márùn-ún. O tún jókòó padà sílé, o jókòó jẹun, o jókòó wo fóònù. Àkókò tí orúnkún rẹ tẹ̀ tán pátá nínú ọ̀sẹ̀ lè má ju ìgbà tí o kúnlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì yẹn lọ, kí ló dé tí kò ní dún?

Mẹ́gáàdì kan wà ní ilé ìwòsàn wa, ará Katsina, ó jù mí lọ lọ́jọ́ orí dáadáa. Bí àkókò ìrun bá tó, á bu omi sínú búta rẹ̀, á lóṣòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, gìgísẹ̀ rẹ̀ méjèèjì á kanlẹ̀ pátápátá. Á fọ ọwọ́, á yọ́ ẹnu, á bu omi sójú, á fọ ẹsẹ̀ dé kókósẹ̀, á sì dìde, kò ní fọwọ́ ti ògiri, búta ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìrun kò tíì bẹ̀rẹ̀ o. Á tún lọ tẹ̀, á forí kanlẹ̀, á jókòó lórí ẹsẹ̀, á dìde, ìgbà márùn-ún lójúmọ́. Orí ẹní ló ti ń jẹun, orí ẹní náà ló ti ń bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣeré lálẹ́. Àwọn ọ̀gá ọ́fíìsì tí mo ń tọ́jú, tí mẹ́gáàdì yìí tó bí òmíràn nínú wọn lọ́mọ, á kọ́kọ́ di ọwọ́ àga mú, wọ́n á mí kanlẹ̀, kí wọ́n tó dìde lọ́dọ̀ mi. Ìwàásù kọ́ ni mò ń ṣe, orúnkún ni mò ń sọ.

Lálẹ́ òní, tẹ́ ẹní kan sílẹ̀. Jókòó lé e, kí o ká ẹsẹ̀ kò, kí o wá gbìyànjú láti dìde láì fi ọwọ́ tàbí orúnkún ti ilẹ̀. Bí ó bá rọrùn, mo kí ọ. Bí o bá ní láti fọwọ́ kan ti ilẹ̀, itan rẹ ti ń sùn lọ nìyẹn, ó sì ṣeé jí. Mú àga tí kò ga jù, jókòó, dìde, jókòó, dìde, ní ẹ̀ẹ̀mẹwàá láì fọwọ́ kàn án, láàárọ̀ àti lálẹ́. Gun àtẹ̀gùn ní ọ́fíìsì. Ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ń béèrè lọ́wọ́ àgbàlagbà ni ó kéré tán ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ fún ìrìn kíákíá tàbí irú rẹ̀, àti ọjọ́ méjì tí a ó fi lo iṣan fún ohun tó le. Jabi Lake dára láàárọ̀ Sátidé, n kò ní kó o má lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ti Kubwa lọ rìn ní Jabi á tún jókòó nínú ọkọ̀ lọ, á jókòó bọ̀. Òpópónà iwájú ilé rẹ tó. Fún un ní bí oṣù méjì sí mẹ́ta kí o tó bi mí pé kí ló yí padà.

Ọrùn tó le, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀: ìrọ̀rí gíga àti fóònù tí ò ń tẹ orí wò láti àárọ̀ ló sábà máa ń fà á, kì í sì í pé ọ̀sẹ̀ kan tó fi ń lọ. Bí ìrora náà bá ń rìn wọ apá, tàbí tí ibà àti orí fífọ́ bá tẹ̀ lé e, ìyẹn di ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Ní ti oorun, òótọ́ díẹ̀ wà nínú ohun tí o ń bẹ̀rù. Lọ́dún 2004, onímọ̀ kan ní Jámánì, Till Roenneberg, àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́, fi hàn pé bí ọmọ ṣe ń bàlágà ni aago inú ara rẹ̀ ń pẹ́ sí i lálẹ́, títí á fi tó bí ẹni ogún ọdún. Láti ibẹ̀, ó máa ń yí padà, oorun á bẹ̀rẹ̀ sí í tètè kùn ún díẹ̀díẹ̀ bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, ti obìnrin sì máa ń ṣáájú ti ọkùnrin. Nítorí náà, ìgbà tí o ń fi òru ṣe fàájì ní yunifásítì ti lọ ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ náà ṣírò rẹ̀. Ẹni tó ń ti Kubwa lọ Wuse tí kò sì fẹ́ kí ojú ọ̀nà dí mọ́ òun, aago mẹ́rin ààbọ̀ ló ti ń jí. Àgbàlagbà kò gbọdọ̀ sùn dín ní wákàtí méje. Yọ méje kúrò, kí o wo ibi tó bọ́ sí: aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ alẹ́. O tún ń dá ara rẹ lẹ́bi! Tó bá wá jẹ́ oṣù kẹta sí ìkẹrin ni, tí ooru Abuja dé, tí wọ́n mú iná lọ, tí fáànù dákẹ́, oorun tí o kò rí sùn lóru á máa bá ọ jà lọ́sàn-án. Kó o má lọ ka ìyẹn mọ́ ọjọ́ orí.

Lórí ariwo òde, ẹ̀yìn rẹ ni mo wà. Ìwọ̀n ariwo tí àwọn onímọ̀ ìlera iṣẹ́ ní kó má kọjá ni 85 dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì (òṣùwọ̀n ariwo) fún wákàtí mẹ́jọ. Gbogbo ìgbà tí ariwo bá fi 3 lé sí i, wákàtí náà á já sí ìdajì. Tó bá fi máa dé 100, ìṣẹ́jú 15 ló kù, sípíkà tí wọ́n gbé tì tábìlì yín sì lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tó jókòó síwájú rẹ̀ láti àárọ̀ tí kò ni wọ́n lára ni mo ń bẹ̀rù fún. Òótọ́ ni pé etí náà ń dàgbà o, ohùn tínrín ló sì kọ́kọ́ ń sọ nù. Ní Wales, lọ́dún 2005, wọ́n ṣe ẹ̀rọ kan tó ń han tín-ín-rín láti fi lé àwọn ọ̀dọ́ tó ń dúró kiri níwájú ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ti kọjá 25 kì í gbọ́ ọ rárá. Kò sẹ́ni tó ń ṣàárò irú ohùn bẹ́ẹ̀. Ohun tó yẹ kó gbé ọ wá ni bí etí bá ń hó lẹ́yìn òde tí kò sì lọ lọ́jọ́ kejì, tàbí bí o bá ń béèrè "kí lo wí?" ní gbogbo ìgbà láàárín èrò.

Síkẹ́ẹ̀tì kò lè fi ọjọ́ orí kẹ́wọ́. Lọ́dún 2021, Herman Pontzer àti ọ̀pọ̀ onímọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ kó àbájáde àwọn èèyàn tó lé ní 6,400 jọ láti orílẹ̀-èdè 29, wọ́n sì rí i pé tí a bá ti yọ ti ìtóbi ara kúrò, agbára tí ara ń jó kò yí padà láti ogún ọdún títí dé ọgọ́ta. Ara rẹ ń jó oúnjẹ bó ṣe ń jó o nígbà tí o wà ní 22. Nígbà náà, o ń rìn láti họ́sítẹ́ẹ̀lì dé kíláàsì. Báyìí, o ń ra sùyà ní ẹ̀gbẹ́ títì bí o ṣe ń sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ lálẹ́, o fi mínírà tì í, o sì sùn ní mẹ́sàn-án.

Àwọn kọ́pà yẹn ńkọ́? Kubwa ni ibùdó àwọn àgùnbánirọ̀ FCT wà, o sì mọ̀ pé ẹni tó bá ti ju 30 lọ nígbà tó gboyè kì í sìn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé àbúrò rẹ ni gbogbo wọn lóòótọ́. Ìjọba wa fi sínú ìwé ìlànà wọn lọ́dún 2019 pé ọ̀dọ́ ni ẹni ọdún 15 sí 29. Ìwé àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà lórí ọ̀dọ́ sì ní 15 sí 35. O ti kúrò nínú ti ìjọba wa nìyẹn, o ṣì ní ọdún mẹ́ta nínú ti Áfíríkà. Bẹ́ẹ̀ òfin tí wọ́n buwọ́ lù ní 2018 tó sọ ọdún ẹni tó lè díje fún ipò ààrẹ di 35 láti 40, ìwọ ṣì kéré sí i. Mú èyí tó bá wù ọ́ níbẹ̀. Ẹni ọdún 22 tó jáde láti ibi tí sójà ti ń pariwo lé e lórí láti àárọ̀, gbogbo obìnrin tó bá gbé báàgì ọ́fíìsì ni mọ̀mí lójú rẹ̀.

Ó ku àárẹ̀. Nígbà tí obìnrin ọgbọ̀n ọdún ó lé bá sọ fún mi pé ó máa ń rẹ òun ṣáá, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń bi í ni bí nǹkan oṣù rẹ̀ ṣe rí. Ṣé ó ń ju ọjọ́ méje lọ? Ṣé o máa ń pààrọ̀ páàdì ní wákàtí kan tàbí méjì sí ara wọn? Ṣé ẹ̀jẹ̀ tó ti dì máa ń bá a jáde? Ìju, kókó inú ilé ọmọ tí wọ́n ń pè ní fibroid, wọ́pọ̀ gan-an láàárín àwa obìnrin aláwọ̀ dúdú, ó sì lè máa fa ẹ̀jẹ̀ lára ẹni lóṣooṣù láì dun ẹni rárá. Obìnrin náà á máa sọ pé àgbà ti ń dé, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló ń tán lọ. Fa ìpéǹpéjú rẹ ti ìsàlẹ̀ wálẹ̀ níwájú dígí, inú rẹ̀ yẹ kó pọ́n. Kíyè sí i bóyá àyà rẹ ń lù kì-kì-kì nígbà tí o bá gun àtẹ̀gùn kan ṣoṣo, tàbí tó máa ń wù ọ́ ṣáá láti rún áìsì lẹ́nu. Áìsì jíjẹ yẹn kì í ṣe ìwà lásán, àìtó irin nínú ara ló sábà máa ń fà á. Àyẹ̀wò PCV, tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ tó lára, ló máa sọ bó ṣe rí, kò sì wọ́n. Fún obìnrin tí kò lóyún, kò yẹ kó wá sí ìsàlẹ̀ ìdá 36 nínú ọgọ́rùn-ún.

Bí o bá ti dé ilé ìwòsàn, má kàn ṣe ẹyọ kan padà. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í dún bí orúnkún, kì í sì í hàn nínú dígí bí ewú. Mo ti rí i lára ẹni tó kéré sí ọ, tó wá gba ìwé ẹ̀rí ìlera fún iṣẹ́ tuntun, tí kò sì sí ohun tó ń ṣe é. Jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí wọ́n tó wọ̀n ọ́, fẹ̀yìn ti àga, tẹ ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́lẹ̀ láì gbé ọ̀kan lé èkejì, gbé apá lé tábìlì kó wà ní ọ̀gangan àyà, má sì sọ̀rọ̀. Ẹni tí wọ́n wọ̀n bó ṣe ń ti ìta wọlé, tó ṣì ń bá onítakisí jà lórí fóònù, irọ́ ni nọ́ńbà tó máa rí. Ní kí wọ́n wo ṣúgà náà, pàápàá bí ẹnikẹ́ni bá ní in nínú ẹbí. Bákan náà ni àyẹ̀wò ọrùn ilé ọmọ. Láti ọgbọ̀n ọdún ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí obìnrin bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, bí ó bá sì jẹ́ ti kòkòrò HPV tó ń fa jẹjẹrẹ ibẹ̀ ni wọ́n yẹ̀ wò tí wọn kò rí i, ó di ọdún márùn-ún sí mẹ́wàá kó tó tún ṣe é. Jẹjẹrẹ ibẹ̀ ló ṣìkejì nínú èyí tó ń mú àwọn obìnrin wa jù ní Nàìjíríà, ó sì máa ń gba ọ̀pọ̀ ọdún kó tó di jẹjẹrẹ. Nínú àwọn ọdún yẹn, ó ṣeé mú kúrò pátápátá.

Lọ láàárọ̀ Sátidé kan, má jẹun kí o tó lọ nítorí ti ṣúgà, má sì jẹ́ kó bọ́ sí ọjọ́ nǹkan oṣù. Bí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ bá tó 140/90 tàbí tó jù bẹ́ẹ̀, padà lọ wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ mìíràn. Bí ó bá tún rí bẹ́ẹ̀, ìwọ àti dókítà ní ọ̀rọ̀ láti sọ. Bí PCV ló bá wálẹ̀, má kàn yà sí kẹ́míìsì lọ ra oògùn ẹ̀jẹ̀ onípupa inú ìgò yẹn kí o máa mu ún. Jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ ya àwòrán inú rẹ, kí a mọ ibi tí ẹ̀jẹ̀ náà ń gbà lọ.